Wọ́n fẹ́ fi pléètì àti síkúrù sí mi lẹ́sẹ̀ nítorí bunion: ẹ bá mi dá sí i

Ẹsẹ̀Ńdùnmí kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Eegun ìdí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti yọ síta, àtàǹpàkò náà sì ti wọ́ lọ bá ìka kejì débi pé ó ti ń gun orí rẹ̀. Kò sí bàtà tí mo wọ̀ tí kì í dùn mí. Dókítà eegun ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ mi nígbà tí wọ́n ń ya X-ray, ó wọ̀n ọ́n, ó ní igun tó wà láàárín eegun metatarsal (àwọn eegun gígùn inú ẹsẹ̀) àkọ́kọ́ àti ìkejì jẹ́ digiri 17, ti àtàǹpàkò tó wọ́ sì jẹ́ digiri 38. Ó ní òun máa so oríkèé tó wà ní ìdí metatarsal náà di ọ̀kan, òun á sì fi pléètì àti síkúrù dè é.

Ọ̀rẹ́ mi kan náà ṣe bunion. Síkúrù méjì péré ni wọ́n fi sí tirẹ̀, kò sí pléètì kankan, kò sì pẹ́ tó fi ń rìn kiri nínú ilé. Ṣé tèmi ló burú tó bẹ́ẹ̀ ni, àbí dókítà yìí kàn fẹ́ràn irin? Ṣé pléètì náà á wà lára mi títí ayé? Ìgbà wo ni mo lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀? Ẹni tó bá ti là á kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi.

Nọ́ọ̀sìTíátà kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ̀gbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ohun tí mo ń rí ni mo fẹ́ sọ. Ti dókítà yín lẹ máa tẹ̀ lé o, torí òun ló rí ẹsẹ̀ yín.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín. Bunion kì í ṣe ẹran tó hù sára eegun. Metatarsal àkọ́kọ́, ìyẹn eegun gígùn tó ti àárín ẹsẹ̀ wá sí ìdí àtàǹpàkò, ló ń yà kúrò lọ́dọ̀ ìkejì rẹ̀. Bó ṣe ń yà lọ sí ìhà ẹsẹ̀ kejì ni àtàǹpàkò ń tẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ìka yòókù. Orí eegun tó ti yà yẹn lẹ ń rí tó yọ gọgọrọ. Ìdí nìyẹn tí gígé kókó náà dànù nìkan kò fi tó. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún máa ń rí i kó padà wá.

Lẹ́sẹ̀ tí kò ní àrùn, igun àárín metatarsal méjèèjì kì í sábà ju digiri 9 lọ, ti àtàǹpàkò kì í sì í sábà ju digiri 15 lọ. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ díẹ̀, wọ́n lè gé eegun náà lápá iwájú, nítòsí orí rẹ̀, kí wọ́n tì í wọlé, kí wọ́n sì fi síkúrù kan tàbí méjì há a. Èyí tí wọ́n gé bíi lẹ́tà V ni wọ́n ń pè ní chevron. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní scarf, tí ojú gígé rẹ̀ gba gígùn eegun lọ. Ó jọ pé ọ̀kan nínú méjèèjì ni ti ọ̀rẹ́ yín. Ojú gígé wọn fẹ̀, ó sì ń gbé ara rẹ̀ ró dáadáa, ìdí nìyẹn tí síkúrù nìkan fi ń tó o.

Tiyín ti lé ní 16. Bí igun bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, títì lápá iwájú kì í sábà lè fa eegun náà wọlé tán. Ìsàlẹ̀ ìdí metatarsal náà, lápá àárín ẹsẹ̀, ni wọ́n sábà máa ń lọ ṣiṣẹ́ sí. Àmọ́ gbogbo gígùn eegun ló wà níwájú ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi iwájú ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, gbogbo agbára yẹn ló ń wá sí ojú iṣẹ́ náà láti tẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń fẹ́ ohun tó lágbára. Kì í ṣe pé dókítà yín kàn fẹ́ràn irin.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Nínú ọ̀kan, wọ́n á gé ìdí metatarsal láti ẹ̀gbẹ́ inú, wọn ò ní gé e já, wọ́n á fi etí òdìkejì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ bí àgbékọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á wá ṣí i títí eegun yóò fi tọ́. Àlàfo onígun mẹ́ta ló máa yọ níbẹ̀. Pléètì tí wọ́n ń lò fún èyí ní ìdínà kékeré lára, tó nípọn ní ìwọ̀n mílímítà díẹ̀, tó ń há sínú àlàfo náà kó má bàa padà pa dé. Eegun tí wọ́n gé kúrò lára kókó ni wọ́n sì sábà ń fi dí i. Àǹfààní rẹ̀ ni pé eegun kì í kúrú. Àléébù rẹ̀ ni pé tí etí tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn bá ṣẹ́, ọwọ́ pléètì nìkan ni gbogbo nǹkan kù sí.

Èkejì ni tiyín: Lapidus. Orúkọ dókítà Paul Lapidus tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1934 ni wọ́n fi ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mìíràn ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. Wọ́n á ha awọ dídán tó bo ojú eegun méjèèjì nínú oríkèé ìdí metatarsal kúrò, wọ́n á tọ́ eegun náà, wọ́n á sì tún yí i padà, torí pé bunion tó le kì í yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan, ó tún máa ń yí gbiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún ojú méjèèjì mọ́ra kí wọ́n lè so di eegun kan ṣoṣo. Oríkèé yẹn kì í mì púpọ̀ látilẹ̀wá, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti lọ. Ti ìdí àtàǹpàkò fúnra rẹ̀, tẹ́ ẹ fi ń tẹ̀ síwájú, máa wà níbẹ̀.

ÌyáÌbejì kọ:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣé gan-an. Dókítà tèmi ò ṣàlàyé ìdajì èyí fún mi.

SíkúrùMéjìPéré kọ:

Mo fẹ́ takò yín díẹ̀. Lapidus ni wọ́n ṣe fún èmi náà, síkúrù méjì tó gba ara wọn kọjá bí àgbélébùú ni wọ́n sì fi dè é. Ó so, mo ń sáré báyìí. Bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni tí wọn ò bá fún ní pléètì lè rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Nọ́ọ̀sìTíátà kọ:

Ẹ jàre o. Síkúrù alágbèélébùú ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ó sì ń jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn títí dòní. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ò tíì fẹnu kò lórí èwo ló dáa jù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tiẹ̀ ń lo méjèèjì pa pọ̀: síkúrù kan gba àárín kọjá láti fún ojú eegun mọ́ra, pléètì wá dúró lórí kí ó má bàa tẹ̀. Láti 1958 tí àwọn oníṣẹ́ abẹ kan ní Switzerland ti dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní AO sílẹ̀ ni ìlànà pé kí ojú eegun dì mọ́ra gírígírí ti tàn ká ayé, irin tí wọ́n á fi ṣe é ló kàn ń yàtọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bi dókítà yín ní nǹkan kan nípa pléètì, ẹ bi í níbo ló máa gbé e sí. Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lókè ló rọrùn jù láti dé, àmọ́ awọ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, okùn bàtà sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ẹ̀gbẹ́ inú wà. Abẹ́ náà wà, ìyẹn ìhà àtẹ́lẹsẹ̀, ìhà yẹn ló sì lágbára jù nípa ìdúró. Ìdí ni pé ilẹ̀ ń ti orí metatarsal sókè nígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, abẹ́ oríkèé ló sì fẹ́ là, pléètì tó wà lábẹ́ ló sì lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, wọ́n á ní láti la ẹran sí i, nítòsí iṣan ńlá tó ń gbé ẹsẹ̀ sókè. Àwọn mìíràn ń lo pléètì kéékèèké méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà yín ṣe èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ẹ má fi ohun tẹ́ ẹ kà níbí fa ọwọ́ rẹ̀.

Tí ẹ bá gbọ́ "locking plate", ohun tó túmọ̀ sí ni pé orí síkúrù náà ní ìlà yíyí tó ń wọnú ihò pléètì, tí wọ́n á fi di ara kan. Ti àtijọ́ ń gbára lé bí síkúrù ṣe ń tẹ pléètì mọ́ eegun. Tí eegun bá ti rọ̀ nítorí ọjọ́ orí, síkúrù ti àtijọ́ yẹn lè tú. Èyí tó ń tì mọ́ra ló dáa fún eegun rírọ̀.

Fisio_Ẹlẹ́sẹ̀ kọ:

Lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ tí mo ń bá àwọn èèyàn jà lé lórí kọjá irú pléètì tí wọ́n ní. Wọ́n á ní "irin ti wà níbẹ̀, kí ni mo tún ń bẹ̀rù?" Irin kì í wo eegun sàn o. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń di eegun mú títí eegun fi máa so fúnra rẹ̀. Irin tí eegun kò so lábẹ́ rẹ̀ á máa tẹ̀, á máa nà, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni kí síkúrù tú tàbí kí pléètì ṣẹ́. Kò sí pléètì tí wọ́n ṣe fún kí èèyàn máa rìn lórí rẹ̀ títí ayé láìsí eegun.

Nípa títẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀: tẹ́lẹ̀, ẹni tó ṣe Lapidus kì í fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá fún ọ̀sẹ̀ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn pléètì òde òní ti jẹ́ kí àwọn dókítà kan máa gbà kí èèyàn fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ nínú bàtà ìwòsàn kó tó tó bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ò gbà. Dókítà tó wo bí síkúrù ṣe mú eegun yín lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè sọ tiyín. Tó bá ní gìgísẹ̀ nìkan, gìgísẹ̀ nìkan ni, títí kan òru tẹ́ ẹ bá dìde lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Èyí tó máa ń ba iṣẹ́ jẹ́ láìkà á sí ni pé èèyàn á máa rìn kó tó yẹ, pléètì ò ní ṣẹ́, àmọ́ orí metatarsal á rọra máa gbéra sókè díẹ̀díẹ̀ kó tó so. Tó bá so bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò ò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́, ìwúwo ara á wá bọ́ sórí ìka kejì. Ẹ ó wá rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tọ́ lójú, tí iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń dùn ún lábẹ́ ìka kejì.

Ohun kejì ni àtàǹpàkò fúnra rẹ̀. Bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ẹ máa fi ọwọ́ gbé e sókè, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ lójoojúmọ́. Oríkèé ibẹ̀ yára le. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀rù sílẹ̀ kó le, iṣẹ́ tèmi á pọ̀, omijé yín náà á pọ̀.

ÌyáÌbejì kọ:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ilé, torí àwọn dókítà kì í sọ ọ́.

Wíwú ni yóò ya yín lẹ́nu jù. Eegun lè ti so kí ẹsẹ̀ ṣì máa wú nírọ̀lẹ́. Tèmi pẹ́ gan-an kó tó lọ tán, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń rí i títí di oṣù 6, ti ẹlòmíràn tó ọdún kan. Torí náà ẹ má tíì ra bàtà tuntun kankan. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè ju àyà yín lọ. Gbígbé e lé àpótí ìtìsẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ jókòó kò tó, ẹ dùbúlẹ̀ kí ìrọ̀rí wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ gbé ibùsùn sún mọ́ ilé ìwẹ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá ìtìlẹyìn rìn nígbà tí ẹsẹ̀ kò tíì dùn yín, àti bí wọ́n ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Ẹ wá ìjókòó fún ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì fi rọ́bà dí ẹsẹ̀ kí báńdéèjì má tutù.

Abẹ́rẹ́ apàmọ̀lára tí wọ́n gún sí ẹsẹ̀ lè mú kí ẹ rò pé kò sí ìrora rárá. Ẹ lo oògùn ìrora kó tó kúrò, ẹ má dúró dìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó yín.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ pè é, àbí? Ẹ gbàgbé mọ́tò wíwà fún bí ọ̀sẹ̀ 6, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ ò bá lè tẹ búréèkì lójijì pẹ̀lú gbogbo agbára yín, ẹ ò tíì lè wakọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò mi ṣì ń kú tipiri níbi kan. Nọ́ọ̀sì, ṣé ìyẹn burú?

Nọ́ọ̀sìTíátà kọ:

Iṣan ìmọ̀lára tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ibẹ̀ kọjá, ó sì máa ń fara gbọgbẹ́. Ó ń padà fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn kan sì wà tí kì í padà fún tán. Ẹ sọ fún dókítà, àmọ́ kò léwu.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dúró dọ̀la nìyí: ibà, ojú ọgbẹ́ tó ń ṣọyún tàbí tó ń pọ́n sí i, ojúgun tó wú tó sì ń roni látẹ̀yìn, èémí tó ń kúrú. Ti ẹ̀yìn ojúgun àti èémí yẹn lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ilé ìwòsàn tààrà ni, ẹ má wá béèrè níbí.

Ẹ̀fín_Díẹ̀ kọ:

Ẹ má bínú tí mo bá yà sí ọ̀nà mìíràn. Dókítà mi ní òun ò ní ṣe é àfi tí mo bá pa sìgá tì. Kí ló kan sìgá pẹ̀lú ẹsẹ̀?

Fisio_Ẹlẹ́sẹ̀ kọ:

Ó kàn án gan-an, ẹ̀gbọ́n. Nicotine, èròjà tó wà nínú sìgá, ń fún ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbé ohun tí eegun fi ń so wá. Eegun ẹni tó ń mu sìgá ń pẹ́ kó tó so, tirẹ̀ ló sì ń kọ̀ láti so jù. Lapidus sì ni ìyẹn ń kó ìpalára bá jù, torí eegun méjì ni wọ́n fẹ́ kó di ọ̀kan. Sìgá oníbátìrì náà ní nicotine nínú, ó yẹ kẹ́ ẹ bi dókítà yín nípa rẹ̀ náà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ náà, kí ó jẹ́ kí ṣúgà ara rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó kan án lábẹ, torí ọgbẹ́ àti eegun méjèèjì ló ń dúró dè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ Vitamin D yín wò pẹ̀lú.

Màmá_Àdùkẹ́ kọ:

Ọmọ mi obìnrin ọmọ ọdún 12 ni. Bunion rẹ̀ ti tóbi ju tèmi lọ. Ṣé wọ́n lè fi pléètì sí tirẹ̀ báyìí kó má bàa jìyà tí mo jẹ?

Nọ́ọ̀sìTíátà kọ:

Ìyá wa, ẹ rọra. Ojú ibi tí metatarsal àkọ́kọ́ ti ń dàgbà wà ní ìdí rẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti àwọn mẹ́rin yòókù tó wà nítòsí orí wọn. Ibi tí Lapidus àti gígé ìdí eegun ti ń wáyé gan-an nìyẹn. Tí wọ́n bá ba ojú ìdàgbà yẹn jẹ́, eegun lè má gùn tó bó ṣe yẹ. Bunion ọmọdé sì tún ń padà wá ju ti àgbà lọ. Dókítà tó mọṣẹ́ máa ń fẹ́ dúró kí X-ray fi hàn pé ojú náà ti pa dé, àyàfi tí ìrora bá pọ̀. Bàtà tó fẹ̀ níwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ wá fún un. Ohun tí wọ́n ń fi há àárín ìka lè dín ìrora kù, àmọ́ kì í tọ́ eegun padà, ohunkóhun tí wọn ìbáà kọ sára páálí rẹ̀.

Ẹsẹ̀Ńdùnmí kọ:

Ẹ ṣé, mo ti kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti béèrè. Ẹnikẹ́ni ò tíì dáhùn ti títí ayé yẹn o. Ṣé wọ́n máa yọ ọ́?

SíkúrùMéjìPéré kọ:

Tí kò bá dùn yín, kò sí ẹni tó máa yọ ọ́. Tèmi ṣì wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìTíátà kọ:

Bẹ́ẹ̀ náà ni. Titanium tàbí irin tí kì í dípẹtà ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, ara sì ń gbé e láìsí wàhálà. Ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ ni pé bàtà ń gún un, pàápàá tí wọ́n bá gbé e sí òkè ẹsẹ̀ lára ẹni tó tín-ínrín, tàbí tí síkúrù bá ń yọ gọngọ lábẹ́ awọ, tàbí tí àrùn bá wọ ibẹ̀. Wọ́n á dúró kí eegun so tán pátápátá, ọ̀pọ̀ ń sọ pé ó kéré tán oṣù 6, ó sàn tó bá tó ọdún kan. Iṣẹ́ abẹ kúkúrú ni, àmọ́ ihò tí síkúrù fi sílẹ̀ ń mú eegun yẹn rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, torí náà ẹ má lọ fò sókè lọ́sẹ̀ kejì.

Ẹ máa sọ fún ẹni tó bá fẹ́ ya MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yà) fún yín pé irin wà lẹ́sẹ̀ yín. Titanium kì í jẹ́ kí mágínẹ́ẹ̀tì fà á, ṣùgbọ́n ó lè ba àwòrán jẹ́ ní àyíká ibẹ̀.

Àlejò_X kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, X-ray tí mo yà láìpẹ́ fi hàn pé síkúrù kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ padà sẹ́yìn. Kò dùn mí. Ṣé kí n máa sá kiri?

Nọ́ọ̀sìTíátà kọ:

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni. Tí eegun bá ti so lójú àwòrán, síkúrù tó tú ò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe mọ́, tí kò bá gún awọ, ẹ lè fi sílẹ̀. Tí eegun kò bá tíì so, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń mì lábẹ́ pléètì. Ẹ padà sórí ọ̀pá ìtìlẹyìn lónìí, kẹ́ ẹ sì pe oníṣẹ́ abẹ yín láàárọ̀ ọ̀la. Oṣù mélòó lẹ ti ṣe é?

Àlejò_X kọ:

Kò tíì pé oṣù méjì.

Nọ́ọ̀sìTíátà kọ:

Ẹ pè é lónìí, ẹ má dúró dọ̀la mọ́.